Ilé ìgbàlejò àti ẹ̀kọ́ nínú ọgbà ewéko

Ilé ìgbàlejò àti ẹ̀kọ́ ni ilé tí àlejò kọ́kọ́ ń yà sí bí ó bá dé ọgbà ewéko, ìyẹn ọgbà tí a ti ń kó onírúurú igi àti ewé jọ fún ìwádìí àti ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ máa rí fún un. Lóde òní, ilé náà fúnra rẹ̀ ti di ara ẹ̀kọ́: kò gbọdọ̀ fi omi àti iná ṣòfò.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni John Hope Gateway nílùú Edinburgh, ní Skọ́tílándì. Ọdún 1670 ni wọ́n dá ọgbà ibẹ̀ sílẹ̀. Ilé yìí ṣí ní 2009. Ẹ̀rọ tó ń jó ẹ̀rúnrún igi ni wọ́n fi ń lé òtútù nínú rẹ̀, omi òjò sì ni wọ́n ń lò nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Gbígbe omi òjò kò ṣàjèjì ní Èkìtì. Àwọn ààfin àtijọ́ ní àgbàlá tí òrùlé yí po, tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí láti ìhà gbogbo, tí wọ́n sì ń gbe é sínú àmù. Àgbàlá kan náà ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wọlé, ògiri amọ̀ tó nípọn sì ń dènà ooru. Irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ní ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ àwọn òpó rẹ̀ tó lókìkí fún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé yìí ní Èkìtì kò ní láti ṣe àwòkọ ti Edinburgh. Òtútù ni wọ́n ń lé lọ́hùn-ún, ooru ni tiwa.

Ìkógosì ní Èkìtì jẹ́ ibi tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá mu gan-an, nítorí abẹ́ igi igbó ni ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ti ń ṣàn pàdé. Ìgbóná ìsun àkọ́kọ́ tó nǹkan bí 38°C ní orísun rẹ̀.

Nínú àwọn ewéko tí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ṣàlàyé fún àlejò, ewúro àti efinrin kò ṣòroó mọ̀. Lẹ́kulẹ́ja èyíkéyìí lè júwe wọn. Ìrókò ló gba àlàyé. Akọ rẹ̀ lọ́tọ̀, abo rẹ̀ lọ́tọ̀, abo nìkan ló ń so. Àdán ń jẹ èso náà, ó sì ń fọ́n hóró rẹ̀ ká inú igbó. Bí wọ́n bá gé àwọn akọ tó wà nítòsí tán, abo tó kù lè dúró gbọn-in fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní hóró tó lè hù.