Bí Ilé Tí A Kò Tíì Kọ́ Ṣe Ń Dúró Sínú Fọ́tò Ilẹ̀ Rẹ̀

Ẹni tó ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìdànrè ní Àkúrẹ́ kì í fẹ́ wo púláànì nìkan. Ó fẹ́ rí ilé náà lórí ilẹ̀ rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ilé aládùúgbò àti òpó iná tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń ya fọ́tò ilẹ̀, tí wọ́n á sì gbé ilé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà mọ sínú rẹ̀. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bára mu: ojú tí kámẹ́rà fi wo ilẹ̀, àti ibi tí oòrùn ti ń ràn. Bí méjèèjì bá ti yà síra, kò sí àwọ̀ tó lè tún un ṣe.

Kámẹ́rà ló ṣáájú. Nínú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà mìíràn wà tó ń wo ilé tí a mọ. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ẹni tó ya fọ́tò dúró sí, kó ga tó tirẹ̀, kí lẹ́ǹsì wọn sì dọ́gba. Àkọsílẹ̀ EXIF tó wà nínú fáìlì fọ́tò ló ń sọ irú lẹ́ǹsì àti aago tí a ya á. Fọ́tò tó bá gba WhatsApp kọjá máa ń pàdánù àkọsílẹ̀ yìí, nítorí náà ó sàn kí a fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Bó bá ti sọnù, etí fẹ́ǹsì, gọ́tà àti páànù ilé aládùúgbò lè gbà wá: àwọn ìlà tó ń lọ lọ́gbọọgba lórí ilẹ̀ máa ń pàdé níbì kan nínú fọ́tò, ibẹ̀ sì ni fSpy, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a kì í sanwó fún, ti ń ṣírò ibi tí kámẹ́rà wà. SketchUp, ètò tí a fi ń mọ ilé nínú kọ̀ǹpútà, náà ní irinṣẹ́ Match Photo fún un.

Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí a bá gbé fóònù sókè tó mítà 1.6, ìlà ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ yóò gé gbogbo ilẹ̀kùn ní mítà 1.6, yálà ó jìnnà tàbí ó sún mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Àkúrẹ́ ló da gẹ̀rẹ́, èyí tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Kí a ri igi onímítà 2 mọ́ igun ilẹ̀ kí a tó ya fọ́tò ló dájú jù.

Oòrùn ló kàn, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí nínú fídíò àwọn ará Yúróòpù á rò pé gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bí dígírì 7.25 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà, òjìji sì ń bọ́ sí gúúsù. Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, gúúsù ló wà, kì í sì í ga ju nǹkan bí dígírì 59 lọ. Kì í ṣe aago méjìlá ló ń ga jù, bí kò ṣe nǹkan bí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú. Bí a bá fún Blender, ètò mìíràn tí a fi ń mọ ilé nínú kọ̀ǹpútà, ní ọjọ́, aago àti ibi tí ilẹ̀ wà, yóò gbé oòrùn síbi tó yẹ fúnra rẹ̀. Nígbà òjò, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, òjìji tó mú kò sí mọ́. Abẹ́ ìgbátí páànù àti ẹsẹ̀ ògiri nìkan ló ń ṣókùnkùn.

Iyẹ̀pẹ̀ pupa Àkúrẹ́ náà ń tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ìsàlẹ̀ ògiri funfun àti àjà báńkóònì máa ń pọ́n díẹ̀ nítorí rẹ̀, ilé tí kò bá sì ní àmì yìí kì í jọ ilé tó wà lórí ilẹ̀ wa. A ó tẹ́ ilẹ̀ kan sábẹ́ ilé náà nínú kọ̀ǹpútà, a ó mú àwọ̀ rẹ̀ láti inú fọ́tò, a ó sì sọ ọ́ di Shadow Catcher: yóò gba òjìji, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ní hàn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá gbé ilé lé fọ́tò. Yàtọ̀ sí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, ní nọ́ńbà kẹrin, alpha, tó ń sọ ìwọ̀n tí ilé fi bo ohun tó wà lẹ́yìn. Thomas Porter àti Tom Duff ló to ìṣirò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1984. Bí alpha etí òrùlé bá jẹ́ 0.5, ìdajì àwọ̀ ilé àti ìdajì ti ojú ọ̀run ni yóò hàn níbẹ̀. Fáìlì àwòrán JPEG kì í gbé alpha, nítorí náà fáìlì PNG tàbí EXR ni a ń lò.

Ohun tó wà níwájú ilé, bí òpó iná, wáyà àti imọ̀ ọ̀pẹ, ni a ó gé láti inú fọ́tò, a ó sì dá a padà sórí ilé. Kò dára kí a pa òpó iná náà rẹ́ kí àwòrán lè lẹ́wà. Ẹni tó máa kọ́ ilé ni yóò máa rí i lójoojúmọ́, ó sì yẹ kó mọ̀ kó tó náwó.

Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku á ti sọ ohun tó jìnnà di funfun díẹ̀, nítorí náà dúdú inú fèrèsé ilé tuntun kò gbọ́dọ̀ dú ju ti ilé aládùúgbò tó wà ní ọgbọọgba rẹ̀. Fọ́tò fóònù sì máa ń ní hóró wínníwínní tí ilé inú kọ̀ǹpútà kò ní. Ilé nìkan ni a ń fi hóró yìí kún, a ó sì fẹ àwòrán dé 100% láti fi ilé náà wé ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.