Bí orin Ascension ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí etí ṣe lè tẹ̀ lé e

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1965, olórin jáàsì mọ́kànlá pé jọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba orin kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ascension ni orúkọ orin náà, John Coltrane, olórin tó ń fọn saksofóònù, ló sì ni ín. Ó tó nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, kò sì sí ohùn kan tí ènìyàn lè máa kùn lọ sílé lẹ́yìn tó bá parí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló ń sọ pé ariwo lásán ni, pé oníkálukú kàn ń fọn ohun tó bá wù ú. Ètò wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ díjú rárá, àmọ́ ariwo náà ni kì í jẹ́ kí etí tètè rí i mú.

Gbogbo ẹgbẹ́ á jọ fọn, ẹnì kan á bọ́ síwájú dá fọn, gbogbo ẹgbẹ́ á tún ya bò ó, ẹlòmíràn á sì bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni orin náà ń lọ títí yóò fi kan gbogbo àwọn tó ń fọn fèrè. Coltrane fúnra rẹ̀ ló ń ṣáájú, Dewey Johnson tó ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló wá kan Pharoah Sanders tó ń fọn saksofóònù, kí ó tó kan Freddie Hubbard tí òun náà ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó mọ orin ilé lè fẹ́ pe èyí ní lílé àti gbígbè, ó sì fara jọ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn elégbè máa ń gbè, nígbà tó jẹ́ pé fèrè méje tó wà nínú orin yìí, saksofóònù márùn-ún àti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì, kì í pàdé lójú ohùn kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni èyí ti hàn: Coltrane fọn gbólóhùn kúkúrú kan, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀, títí gbólóhùn kan yẹn fi di ìgbì tí ń gun orí ara wọn.

Ohun tí Coltrane là kalẹ̀ fún wọn kò pọ̀. Ó fún wọn ní gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn àti ìdìpọ̀ ohùn mélòó kan tí wọn yóò máa yí sí nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń jọ fọn. Ní ti ẹni tó bá dá fọn, kò sí àṣẹ kan ju pé kí ó mú ohùn rẹ̀ ròkè, kí ó máa le sí i, bí ó bá ti ń parí. Àṣẹ kékeré yìí ni ó gbé gbogbo ilé orin náà ró, nítorí bí ohùn ẹnì kan bá ti ròkè tó bẹ́ẹ̀, ariwo ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í jẹ́ ìdíwọ́, ibi tó ń lọ gan-an ni.

Abẹ́ àwọn fèrè ni kí etí kọ́kọ́ wà, kì í ṣe òkè. Elvin Jones ló wà nídìí ìlù, McCoy Tyner wà nídìí dùùrù, Art Davis àti Jimmy Garrison sì ń ta okùn báàsì ńlá méjì. Nígbà tí ẹnì kan bá ń dá fọn, àwọn mẹ́rin yìí máa ń sún mọ́ jáàsì tí àwọn ènìyàn mọ̀: aro Jones á máa dún ní ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ lé, ọwọ́ òsì Tyner á sì máa já lu dùùrù wúwo-wúwo. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ padà, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìwọ̀n yẹn á sì túká. Ẹni tó bá fetí sí Jones nìkan lè mọ ibi tí orin dé láìka ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàtọ̀ àárín àwọn tó ń dá fọn á tó ṣe kedere, èmi sì rò pé ibẹ̀ ni adùn àwo yìí pọ̀ sí jù. Sanders kì í wá orin aládùn rárá. Igbe ni ó ń fi saksofóònù rẹ̀ ké, ohùn á là sí méjì sí mẹ́ta nínú èémí kan ṣoṣo. Hubbard tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohùn mímọ́ tónítóní, bí ọmọ jáàsì àtijọ́ tó ṣì rántí ilé. Archie Shepp, tí òun náà ń fọn saksofóònù, ń fa ohùn, ó ń kùn, ó ń fi kọ̀rọ̀ sọ ọ̀rọ̀. John Tchicai, saksofóònù ni tirẹ̀ náà, ń gé ohùn rẹ̀ ní kúkúrú, ó sì ń tún un ṣe láìyára. Ìgbà tó bá kan Tyner, tí gbogbo fèrè dákẹ́, ni àyè ìmí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wà, lẹ́yìn náà ni báàsì méjèèjì á wá jọ sọ̀rọ̀.

Ẹni tí gbogbo èyí bá ṣì ń dà rú mọ́ lójú lè kọ́kọ́ gbọ́ Free Jazz, àwo ti Ornette Coleman tó ń fọn saksofóònù, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1960. Olórin mẹ́jọ ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n pín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin méjì, ọ̀kan ń dún ní etí òsì, èkejì ní etí ọ̀tún, Hubbard yìí kan náà sì wà lára wọn. Ó rọrùn láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Coltrane kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń rú olùgbọ́ lójú. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ àwo orin Impulse! gbé àwo náà jáde ní 1966, wọ́n fi ìgbàsílẹ̀ yòókù rọ́pò èyí tó kọ́kọ́ jáde láìpààrọ̀ páálí rẹ̀. Wọ́n kàn fín "Edition II" sára àwo náà lẹ́bàá àárín ni. Àwo onísẹ́ẹ̀dì tó dé lẹ́yìn wá kó méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ń gbọ́ kí ó dúró de ìparí: bí Elvin Jones bá dá lu ìlù tirẹ̀ lẹ́yìn tí báàsì méjèèjì parí, kí ẹgbẹ́ tó padà wá kẹ́yìn, Edition I ni, ìyẹn èyí tó kọ́kọ́ jáde.