Ẹ Yéé Ka Tánkì, Ẹ Bèèrè Bóyá Fóònù Ṣì Ń Dún

Ìyá kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Chennai, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ti dá ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ kíndìnrín fún un. Àbúrò ọkùnrin náà ti gbà láti yọ̀ǹda ọ̀kan, owó ti pé, físà ti jáde. Wọ́n wá fagi lé ìrìn àjò náà. Wòlíì wọn ló ní òun rí iná láàárín Íńdíà àti Pakísítánì, pé ẹni tó bá lọ kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé. "Dádì, ẹ̀yin lẹ ṣe sójà. Ẹ wò ó fún wa, ṣé ogun yẹn máa ṣẹlẹ̀?"

Ẹni kẹrin nìyẹn tí yóò bi mí bẹ́ẹ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi mísáìlì na ara wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo sọ fún un pé Chennai jìnnà sí ààlà Kashmir, ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń jà lé lórí, ju 2,000 kìlómítà lọ. Nígbà tí ìjà yẹn gbóná jù lọ, pápákọ̀ òfúrufú 32 ni Íńdíà tì. Apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n wà, ti Chennai kò sí lára wọn. Mo ní kó pe ilé ìwòsàn náà padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kíndìnrín kì í dúró de ìran.

Ọdún 28 ni mo lò nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, ẹ̀ka Signals ni gbogbo rẹ̀, àwa tí à ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan sí òmíràn. Mi ò ní dúró sórí ohun tó dá ìjà wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kashmir ni, ó sì ti wà nílẹ̀ láti 1947. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìkórìíra nìkan kì í di ogun. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún tí àwọn méjèèjì ti kórìíra ara wọn, síbẹ̀ ẹ lè fi ìka ọwọ́ kan ka ogun ńlá tí wọ́n jà. Ọ̀rọ̀ tó ṣìnà ni kí ẹ bẹ̀rù, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò dé rárá, nígbà tí ìka ọmọ ogun ti wà lórí ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti ọdún 1971 ni okùn tẹlifóònù kan ti wà láàárín ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ogun fún Íńdíà ní Delhi àti ojúgbà rẹ̀ ní Rawalpindi. Kì í ṣe ti ààrẹ, kì í ṣe ti mínísítà. Sójà ló ń bá sójà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀gá méjèèjì a máa pe ara wọn, ì báà má sí nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ sọ. Ará ìta lè rò pé àṣà lásán ni. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn! Okùn tí a kì í lò, ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi gba ẹ̀mí là ni yóò já. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ẹnì kejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ara bá tù ú, yóò sì mọ̀ nígbà tí ohùn náà bá yí padà. Bí mísáìlì bá já bọ́, á lè bi í láìfepo bọyọ̀: ṣé ẹ̀yin lẹ yìn ín? Ṣé ẹ mọ̀ pé ó já bọ́ síbí? Ṣé òmíràn ń bọ̀?

Àwọn baba wa mọ èyí. Nínú àrokò, owó ẹyọ méjì tó dojú kọra lórí okùn, ọ̀rẹ́ là ń wí. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀tá ni. Bí okùn náà bá lọ́ lọ́nà, tí ìránṣẹ́ kò sì kíyè sí i, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ á dé ọwọ́ ọba bí ọ̀rọ̀ ìjà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi rán ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣáà ti rí.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2008, lẹ́yìn tí àwọn agbésùmọ̀mí kọlu Mumbai, ẹnì kan pe ọ́fíìsì Ààrẹ Asif Ali Zardari ní Pakísítánì. Ó ní òun ni Pranab Mukherjee, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Íńdíà, ó sì ń halẹ̀ ogun. Irọ́ ni. Mukherjee fúnra rẹ̀ ní òun kò pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí òótọ́ tó jáde, ọmọ ogun òfúrufú Pakísítánì ti gbára dì. Orílẹ̀-èdè méjì tí bọ́ǹbù átọ́míìkì wà lọ́wọ́ wọn, ohùn ẹlẹ́tàn kan lórí fóònù ló fẹ́ tì wọ́n sínú iná.

Ọ̀rọ̀ kò tiẹ̀ ní láti kọjá ààlà kó tó pa èèyàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2019, bí ọkọ̀ òfúrufú ogun wọn ṣe ń lé ara wọn kiri, mísáìlì Íńdíà fúnra rẹ̀ ló já hẹlikọ́pítà Íńdíà lulẹ̀ ní Budgam, nítòsí Srinagar ní Kashmir, nítorí àwọn tó yìn ín kò mọ̀ pé ti wọn ni. Ọmọ ogun mẹ́fà kú, ará ìlú kan sì bá a lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti 2022. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, mísáìlì BrahMos kan ṣèèṣì ta yọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òfúrufú Íńdíà, ó rin 124 kìlómítà wọ Pakísítánì, ó já sí ẹ̀bá ìlú Mian Channu. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sí bọ́ǹbù lórí rẹ̀. Okùn tẹlifóònù tí mò ń wí yìí wà nílẹ̀. Pakísítánì ní Íńdíà kò fi tó àwọn létí lójú ẹsẹ̀, ó sì di ọjọ́ 11 kí Íńdíà tó jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe ni. Wọ́n lé ọ̀gá mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ lè ṣẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó ti fóònù kó má gbé e, ní tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ju ti mísáìlì lọ.

Lẹ́yìn àwọn wòlíì, àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ ogun lórí rédíò àti YouTube. Wọ́n á ka tánkì Íńdíà, wọ́n á ka ti Pakísítánì, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì bí ọmọ iléèwé, wọ́n á sì sọ ẹni tó máa borí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 yẹn, fídíò géèmù ni wọ́n ń pín káàkiri bí ogun gidi. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ohun tó kó mi láyà sókè ní ìparí oṣù Kẹrin, nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì lé àwọn ológun tó wà nílé aṣojú ara wọn lọ. Ẹnu tó lè ṣàlàyé ti dín nìyẹn. Kò sì sí èyí tó bèèrè bóyá okùn yẹn ṣì ń dún. Ó ń dún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀sán ti Íńdíà, ọ̀gá ti Pakísítánì pe ojúgbà rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìbọn dákẹ́ ní aago márùn-ún. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó là wọ́n, ìyẹn kò kàn mí. Orí okùn yẹn ni wọ́n ti parí rẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Sájẹ́ńtì tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn mí ní 1981. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn gendarme, ìyẹn ọlọ́pàá ológun Kamẹrúùnù, yìnbọn pa ọmọ ogun wa márùn-ún lórí omi lápá Bakassi. Ìwé ìròyìn wa ń pariwo ogun. Kọ́pùrù ni mí, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, nídìí rédíò ní ibùdó kan nítòsí Calabar. Lóru ọjọ́ kẹrin, òjò ń rọ̀, rédíò ń ta bí epo gbígbóná. Ibùdó tó wà láàárín àwa àti etí omi gbé ọ̀rọ̀ wá: ọkọ̀ ojú omi mẹ́jọ ń bọ̀, pẹ̀lú ìbọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dìde láti sáré gbé e fún ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Sájẹ́ńtì di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló rí ìbọn?"

Mo ní ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, sà.

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n sọ. Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?"

Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó fo ibùdó àárín, ó pe àwọn tó wà létí omi gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè kí wọ́n tó dáhùn. Ó ní kí wọ́n tún un wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní ọkọ̀ mẹ́jọ lòun rí. Ṣé o rí ìbọn? Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rárá, sà. Fìtílà ni mo rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló tan fìtílà."

Apẹja ni wọ́n. Ẹni tó wà ní ibùdó àárín kò purọ́ fún wa. Ọkàn rẹ̀ ló sọ fún un pé ọkọ̀ tó bá ń rìn lóru irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìbọn ni yóò wà nínú rẹ̀, ló bá fi kún un. Ààrẹ Shagari kò gbé ogun lọ, Kamẹrúùnù tọrọ àforíjì ní oṣù Keje, wọ́n sì gbà láti san owó gbà-máà-bínú.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, tí "pẹ̀lú ìbọn" wà nínú rẹ̀, Sájẹ́ńtì ní kí n má ya á. Ó ní kí n kọ aago tí ọ̀rọ̀ náà dé sí apá kan, kí n kọ aago tí a rí òótọ́ sí apá kejì. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló wà láàárín wọn. Mísáìlì tó já sí Mian Channu kò lo ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú òfúrufú Pakísítánì.