Ombudsman: ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Swídìn ni ọ̀rọ̀ yìí, "ombudsman", ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí iléeṣẹ́ ìjọba rẹ́ jẹ, ti wá. "Ombud" ni aṣojú, ẹni tí wọ́n gbé àṣẹ lé lọ́wọ́ pé kó bá àwọn ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tó ń bá iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gba ẹrù sílẹ̀ fún oníbàárà, "postombud" ni. Òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yàn láti máa mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, "skyddsombud" ni.

Ọba Karl XII ti Swídìn ló sọ ọ́ di oyè ńlá. Àwọn ará Rọ́ṣíà ṣẹ́gun rẹ̀ ní Poltava lọ́dún 1709, ó sì sá lọ sábẹ́ ààbò ọba Tọ́kì. Nígbà tó pẹ́ ní ẹ̀yìn odi, tí kò rí ohun tí àwọn ìjòyè ń ṣe nílé, ó yan ombudsman lọ́dún 1713 pé kó máa ṣọ́ wọn. Aṣojú ọba nìyẹn o, kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù.

Ọdún 1809 ni nǹkan yí padà. Wọ́n rọ Ọba Gustav IV Adolf lóyè, òfin tuntun sì fún ilé aṣòfin ní ombudsman tirẹ̀. Lars Augustin Mannerheim ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, lọ́dún 1810.

Títí dòní, ẹni tí iléeṣẹ́ ìjọba bá rẹ́ jẹ lè kọ̀wé sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà má jẹ́ ọmọ ìlú. Ombudsman á béèrè ìwé, wọn ò sì gbọdọ̀ fi pa mọ́ fún un. Kò lè yí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ padà, ṣùgbọ́n ó lè bá adájọ́ tó fi ẹjọ́ falẹ̀ wí ní gbangba, ó sì lè pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́. Ìbáwí ló ń lò jù, ìyẹn sì lágbára, torí ẹnikẹ́ni ló lè kà á.

Fínlándì gba ètò náà lọ́dún 1919, Dẹ́nmárkì lọ́dún 1955. Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun dá Public Complaints Commission, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, sílẹ̀ lọ́dún 1975. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀sùn níbẹ̀ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti wà níwájú ilé ẹjọ́, Commission kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.