Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Fà Fi Wọ́n Ju Bàálù Lọ?

Ẹni tó bá mú téèpù télọ̀ lọ sí téṣàn rélùwéè Òṣogbo, tó nà án sáàárín irin méjèèjì láti etí inú sí etí inú, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lé díẹ̀ ló máa kà: 1,067 mílímítà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀. Ìwọ̀n yìí làwọn òyìnbó fi la ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, òun náà ló sì wọ Òṣogbo ní 1907. Orí ìwọ̀n kan náà ni Rovos Rail ń gbà láti Pretoria lọ sí Cape Town ní South Africa, orí rẹ̀ náà ni Seven Stars ń gbà ní erékùṣù Kyushu ní Japan. Àwọn méjèèjì wà lára ọkọ̀ ojú irin tí owó wọn ga jù láyé. Ti Seven Stars tiẹ̀ le débi pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa rí tíkẹ́ẹ̀tì rà. Irin wọn ò sì fẹ̀ ju tiwa lọ.

Èrò tó wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ṣètò rí láti Èkó lásìkò Iléyá fẹ́ tètè dé Òṣogbo, kó lọ wo àgbò tó wà lórí ìso. Èrò Rovos ò kánjú àtidé ibì kankan. Bàálù láti Johannesburg sí Cape Town, nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Ọkọ̀ yìí ń lo òru méjì ó kéré tán lórí ìrìn tó tó 1,600 kìlómítà, kò sì gbọdọ̀ sáré ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ọgbọ́n wà nínú fífà yẹn. Bí ọkọ̀ bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì ní kọ́nà, agbára tó ń ti èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni ọbẹ̀ fi ń dúró sínú àwo, tí ẹni tó sùn kì í fi í ré lulẹ̀ lóru.

Glacier Express ti ilẹ̀ Switzerland tún wá fà ju ìyẹn lọ. Láti Zermatt dé St. Moritz, 291 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ló ń gbà á. Ọ̀kadà Òkè-Fìà á yà á sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n afárá 291 ló wà lójú ọ̀nà náà, ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè kọjá sì jẹ́ 91, ibi tó ga jù sì fi 2,033 mítà ga ju òkun lọ.

Bó ṣe ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn mọ̀. Táyà irin kì í tẹ̀ lórí irin bíi ti rọ́bà. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì kan fi lè fa ẹrù rẹpẹtẹ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n irin lórí irin máa ń yọ̀, ìdí nìyẹn tí òkè fi ń dá a lágara. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀. Èkíní ni irin eléyín: wọ́n tẹ́ irin kẹta tó ní eyín bíi ti ayùn sáàárín ojú irin, jíà tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì á máa di eyín yẹn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Glacier Express ń lò ó níbi tí òkè bá ti le, irú èyí tí ọkọ̀ ń fi ju mítà mẹ́wàá lọ gòkè nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fa ọ̀nà gùn. Ojú irin Bernina, tó jáde láti St. Moritz lọ sí Tirano ní Italy, kò ní eyín rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń gun mítà méje nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dé 2,253 mítà. Ní Brusio, ibi tí àyè ti há jù, wọ́n mọ afárá olójú mẹ́sàn-án tó yí bí òṣùká. Ọkọ̀ á yí po, á gba abẹ́ afárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀ kọjá. Èrò tó bá jókòó lẹ́yìn á máa rí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lójú fèrèsé. Glacier Express tiẹ̀ ń ta ife ọtí tí ìdí rẹ̀ dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìrántí, pé bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ọtí ò ní dànù. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òkè náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Fèrèsé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yí gun etí òrùlé, kò sì ṣeé ṣí, torí éèsì. Ibẹ̀ ni fọ́tò ti máa ń bàjẹ́: ìmọ́lẹ̀ inú kọ́ọ̀ṣì àti aṣọ funfun ẹni tó ń yà á ló máa hàn lójú gíláàsì dípò òkè. Aṣọ dúdú ni kéèyàn wọ̀, kó sì gbé ojú kámẹ́rà lé gíláàsì gan-an.

Ní ti owó, àyè ló ń jẹ ẹ́. Yàrá tó tóbi jù nínú Rovos fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 16, ó ní ọpọ́n ìwẹ̀, ó sì gba ìdajì kọ́ọ̀ṣì. Èèyàn mẹ́rin péré ni kọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ń gbé, gbogbo èrò ọkọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ ju 72 lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ọdún tí wọ́n ń dúró gan-an-ran lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Owó ẹ́ńjìnnì, owó awakọ̀, owó ojú irin, àwọn mélòó kan yẹn ló máa pín in san. Kí owó ga kò sì ní kí gbogbo ìrọ̀rùn pé. Venice Simplon-Orient-Express, ọkọ̀ fàájì kan ní Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kàn láàárín 1920 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn 1930 ló ń lò. Nínú àwọn yàrá kéékèèké ibẹ̀, básíà ìfọwọ́ ni wọ́n ní, kò sí ibi ìwẹ̀. Èédú ni alábòójútó kọ́ọ̀ṣì ń kó sínú ààrò tó wà nípẹ̀kun kọ́ọ̀ṣì kí yàrá tó móoru.

Ohun tó máa ń ba ìrìn jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kì í tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fàájì ni kò ní ojú irin tirẹ̀, ó ń san owó kó tó gbà á ni. Níbi tí irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ó gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù kọjá. Rocky Mountaineer ní Canada lè dúró pẹ́ nítorí èyí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sí ọjọ́ tó máa sọ̀kalẹ̀. Ariwo náà wà. Bí búrékì bá di táyà irin mú jù, á máa yọ̀ lórí irin láìyí, apá kan rẹ̀ á jẹ pẹlẹbẹ, á sì máa gbá irin gbà-gbà-gbà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Yàrá àárín kọ́ọ̀ṣì ni kéèyàn béèrè, torí ẹsẹ̀ táyà wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ní Peru, Andean Explorer ń gun òkè tó ju 4,300 mítà lọ, wọ́n sì ń gbé ọ́síjìn sínú ọkọ̀ fún ẹni tí orí bá ń fọ́.

Rovos tún ń lọ láti South Africa títí dé Dar es Salaam láìpààrọ̀ táyà, torí 1,067 náà ni irin tó ń gbà ní Zimbabwe, Zambia àti Tanzania. Nílé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà tí wọ́n ṣí ní 2021, 1,435 ni tiẹ̀. Ọkọ̀ tó bá tibẹ̀ wá ò lè gun irin Òṣogbo, Ìbàdàn ni yóò ti padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá Rovos dé Dar es Salaam, kó wo físà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pẹ̀lú káàdì ìyẹ́lò rẹ̀.

Físà Schengen kan ṣoṣo ló gbé ènìyàn gba Bernina láti Switzerland wọ Italy. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn rú níbẹ̀ ni pé lórí ọkọ̀ fàájì Bernina Express, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, owó ìjókòó lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Glacier Express. Ẹni tí kò bá fẹ́ san ti ìjókòó, kó wọ ọkọ̀ ojú irin lásán tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Irin kan náà ló ń gbà, òkè kan náà, afárá Brusio kan náà, fèrèsé ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣeé ṣí.