Ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin fẹ́ àṣẹ lórí ayé ara rẹ̀ ju obìnrin lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni màmá wa ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá wa máa ń sọ pé àwọn ni olórí ilé, ṣùgbọ́n màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí owó ọjà wọn. Mo wá kà á pé ó máa ń wu ọkùnrin ju obìnrin lọ kí ayé rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ara rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní 1979, Jerry Burger àti Harris Cooper, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé gbólóhùn 20 jáde láti fi wọn bó ṣe ń wu èèyàn tó kí ayé rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ara rẹ̀, kéèyàn sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bá ìwà òun mu tó. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n fi dán an wò, máàkì ọkùnrin sì fi díẹ̀ ju ti obìnrin lọ.

Ohun tó ká mi lára ni ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ọ̀kan dá lórí kéèyàn yẹ mọ́tò wò dáadáa kó tó rin ìrìn-àjò tó jìn. Òmíràn dá lórí òṣèlú, kéèyàn lè lóhùn sí bí ìjọba ṣe ń lọ. Ibi tí wọ́n ti máa ń lé obìnrin sẹ́yìn láti kékeré nìyẹn! Ẹ lọ jókòó ti màmá yín láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ló ń tẹ ẹja wò bóyá ó ti ń rọ̀, àwọn ló ń dá iye lé e, àwọn ló mọ ẹni tí àwìn tọ́ sí àti ẹni tí yóò kó owó wá kó tó gbé ẹja, àwọn náà ló mọ iye tí alájọ máa gbà. Gbólóhùn kan tiẹ̀ wà nínú 20 yẹn tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ téèyàn fúnra rẹ̀ ti ń pinnu ohun tó máa ṣe àti ìgbà tó máa ṣe é. Ìyẹn á bá màmá mu pátápátá. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n bá ti fàyè gba obìnrin ni ìfẹ́ àṣẹ rẹ̀ ti máa ń hàn.

Ìbéèrè: Màmá wa ti dàgbà, a ní kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n yarí. Ṣé agídí kọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin, àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, gbé ìwádìí jáde láti ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn kan fúnra wọn yan òdòdó, kí wọ́n máa bomi rin ín. Ti àwọn yòókù, nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin ín. Ara àwọn tó ń dá tiwọn ṣe yá gágá ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun màmá, ẹ wá ọmọ tí yóò máa bá wọn gbé ẹja. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iye àti àwìn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.