Òtútù kọ́ ló pa á: ẹwìrì tó wà nínú àyà parakíìtì

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Kábà, tí òkè tó yí ìlú ká kò hàn dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde nílé tí wọ́n bá ti ń sin parakíìtì. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á ṣí aṣọ kúrò lórí kéèjì, wọ́n á bá ẹyẹ nísàlẹ̀ tó ti nà gbalaja. "Òtútù ló pa á." Àwọn ará ilé á kí ara wọn ní "Òkun o", ọmọdé á gbẹ́ ihò kékeré sẹ́yìn ilé, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa bi ìkòkò èédú tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì mọ́jú léèrè ohun tó rí. Kò sẹ́ni tó máa bi jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn fèrèsé di aago 12 òru.

Parakíìtì ni wọ́n ń pe àwọn ìbátan odídẹrẹ́ tí ara wọn kéré, tí ìrù wọn sì gùn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ni budgerigar, tí àwọn tó ń tà á gé kúrú sí bọ́jì. Australia ló ti wá. Nínú igbó ibẹ̀, aláwọ̀ ewé tó ní ìyeyè lójú ni. Àwọn tó ń sìn ín ló mú aláwọ̀ búlúù àti funfun jáde. Òmíràn wà tí ìlà dúdú àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn akọ rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ ọ̀dàn ilẹ̀ Áfíríkà ni ìyẹn, láti Senegal títí dé Ethiopia, wọ́n sì tún ń bá a ní Íńdíà. Ti ayékòótọ́ eléérú, onírù pupa, yàtọ̀: láti ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó kọjá ààlà orílẹ̀-èdè fún títà. Bí wọ́n ṣe ń ra kéèjì, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi, bí wọ́n ṣe ń kó ìgbẹ́, ẹni tó ta ẹyẹ ti sọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí kì í sọ ni bí ẹyẹ ṣe ń mí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ dá òtútù láre. Ara bọ́jì máa ń gbóná tó ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ti èèyàn bá dé bẹ́ẹ̀, ọsibítù ló kù. Ìyẹ́ tó wọ̀ kì í ṣe ti ẹwà nìkan: bó bá wú u, afẹ́fẹ́ á há sáàárín ìyẹ́ àti ara, kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ dàńṣíkí sábẹ́ agbádá. Láàárín gbùngbùn Australia, níbi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, òru ìgbà òtútù máa ń tutù ju ọyẹ́ Kábà lọ fíìfíì. Òtútù lè pa ẹyẹ tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, tàbí èyí tí omi rin gbingbin tí wọ́n sì gbé sójú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó jẹun yó lálẹ́, tó ń pariwo, tó wá kú mọ́jú nínú yàrá tí wọ́n ti pa, kí á yéé di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọyẹ́.

Èèyàn ń mí bí ìgbà tí a bá ń fi igbá kan ṣoṣo bu omi mu, tí a tún ń fi da omi ìṣanwọ́ nù. Ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé náà ló ń gbà jáde. Ẹ̀dọ̀fóró á wú, á sọ̀, àṣẹ́kù èémí tó kọjá á sì wà nísàlẹ̀ igbá nígbà tí tuntun bá dé. Kò burú, ó tó wa lò. Ti ẹyẹ ní tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í wú, kì í sì í sọ̀. Ó kéré, ó lẹ̀ mọ́ egungun ìhà lápá ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n fi í sí ló ń wà. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ ló ń wú tó ń sọ̀, awọ wọn sì fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Mẹ́sàn-án ni wọ́n sábà máa ń jẹ́: òmíràn wà lọ́rùn, òmíràn wà láyà, òmíràn wọ ikùn lọ sáàárín ìfun. Òmíràn tiẹ̀ wọnú egungun apá. Ó lé ní 200 ọdún tí John Hunter, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland, ti fi hàn pé bí ọ̀fun ẹyẹ bá dí pátápátá, ẹyẹ náà ṣì lè máa gba ojú egungun apá tí wọ́n gé mí.

Ẹni tó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí ti mọ ètò yìí láìfura. Iná àgbẹ̀dẹ kì í mí fúnra rẹ̀. Ẹwìrì ló ń mí fún un. Awọ ẹwìrì ń wú, ó ń sọ̀, iná sì jókòó sójú kan, ó ń gba atẹ́gùn. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ni iná yẹn. Àwọn àpò ni ẹwìrì. Egungun àyà tó ń lọ sókè sódò ni apá ọmọ tó ń finná.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé ẹ̀kún imú afẹ́fẹ́ kan. Ẹyẹ fà á sínú: púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dúró lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó kọjá lọ kún àwọn àpò ẹ̀yìn. Ẹyẹ mí síta: a rò pé afẹ́fẹ́ wa á jáde nìyẹn, kò jáde. Àpò ẹ̀yìn tì í wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti gba ohun tó fẹ́ gbà lára rẹ̀. Ẹyẹ tún fa èémí: bí tuntun ti ń lọ sẹ́yìn, tiwa kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó bọ́ sínú àwọn àpò iwájú. Ẹyẹ tún mí síta, ìgbà yìí ló tó rí ìta. Ìmísínú méjì, ìmísíta méjì, lórí ẹ̀kún imú kan ṣoṣo. Yálà ẹyẹ ń fà á sínú ni o, yálà ó ń tú u síta ni o, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kì í ṣẹ́rí padà. Omi ìṣanwọ́ kò kan omi mímu.

Ẹwìrì àgbẹ̀dẹ kò bá tẹyẹ dọ́gba tán níbì kan. Ẹwìrì jẹ́ méjì: bí ọ̀kan ti ń gòkè, èkejì ń sọ̀, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn kì í fi í já. Ti ẹyẹ, gbogbo àpò ló ń wú pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀ pọ̀, síbẹ̀ atẹ́gùn kò já, apá ibi kan náà ló sì ń kọjú sí. Ẹni tó ń finná lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ipò fún ara wọn. Kí ló ń sọ fún afẹ́fẹ́ inú ẹyẹ pé ọ̀nà ibí ni kó gbà, kì í ṣe ọ̀hún?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi wá ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé ìdérí kan gbọ́dọ̀ wà níbì kan tó ń ṣí tó ń tì, bí èyí tó wà nínú ọkàn. Wọn kò rí i. Ẹ̀gbẹ́ tí ihò kọ̀ọ̀kan kọjú sí, bí ọ̀nà ṣe fún tàbí tó ṣe fẹ̀, àti eré tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń sá, àwọn ló ń darí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kò ráyè yà síhò tó kọjú sẹ́yìn, ó kọjá lọ. Púpọ̀ nínú ẹwìrì àtijọ́ náà kò ní ìdérí kankan: wọ́n kàn fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín imú ẹwìrì àti ọ̀nà amọ̀ tó wọnú iná ni, ibẹ̀ ni ẹwìrì ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, kì í fa iná. Ohun tí kò ní ilẹ̀kùn kò ní ilẹ̀kùn tó máa bàjẹ́. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó wà lára ẹyẹ, títí kan ọ̀rọ̀ sísọ tí gbogbo ayé ń pariwo, eléyìí ló yẹ kí wọ́n máa fi yangàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe lágbára tó, kó bi igún. Lọ́dún 1973, lókè Abidjan, igún kan kọlu bàálù ní nǹkan bíi 11,300 mítà sójú sánmà. Èèyàn tí kò gbé afẹ́fẹ́ dání kò ní lo ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀ kó tó dákú. Igún ń rìn kiri ní tirẹ̀.

Àléébù ètò yìí kò jìnnà sí ọgbọ́n rẹ̀. Ẹwìrì kì í yan atẹ́gùn. Ohun tó bá wà nínú yàrá ni ẹyẹ ń fẹ́ kọjá lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láìdáwọ́ dúró, nínú ara tí kò ju gíráàmù 30 sí 40 lọ. Àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí, wọ́n ń gbé ẹyẹ kéékèèké wọ abẹ́ ilẹ̀ títí di ọdún 1986: bí ẹyẹ bá ṣubú lórí igi, kí èèyàn yáa jáde. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara èédú jáde nínú ihò kùsà náà, ló ń ti ara ìkòkò èédú jáde nínú palọ̀. Kò rùn, kò ta lójú. Ìfẹ́ ló gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì, aṣọ tó bò ó sì ń ká èéfín mọ́ ọn. Àwọn èèyàn tó sùn sí yàrá kejì, tó jí láàárọ̀ tí orí ń fọ́ wọn, wọ́n ní ọyẹ́ ni.

Èédú nìkan kọ́. Páànù dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ní ohun kan tí wọ́n fi ra inú rẹ̀, PTFE. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná láìsí nǹkan nínú rẹ̀, tó gbóná kọjá ìwọ̀n 280, èéfín tí imú èèyàn kò kà sí lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fọ́n, èyí tí wọ́n ń tanná ràn, tùràrí, epo tó jóná nídìí agbada, gbogbo wọn ń kọjá lójú ọ̀nà kan náà. Ní ìwọ̀ oòrùn Kogi níbí, tí wọ́n bá ti ń sun igbó láàárín Ìsánlú sí Mọ̀pà, tí eérú ń bọ́ sórí aṣọ tí a sá, ẹyẹ tó wà lórí ìloro ń mí ohun tí aṣọ ń gbà.

Apá ọmọ tó ń finná náà wà ńlẹ̀. Ẹyẹ kò ní iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn bíi tiwa. Egungun àyà gbọ́dọ̀ jáde síwájú kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Ọmọdé tó fi ìkúùkù di bọ́jì mú kó má baà fò lọ kò fún un lọ́rùn, imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹyẹ sì kú sí i lọ́wọ́. Wọ́n á ní ẹ̀rù ló pa á. Apá ẹwìrì ni wọ́n dì mú. Bó bá di dandan kí á gbé e, ìka méjì ni a fi ń rọra mú ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ní òrùka rọ̀bọ̀tọ̀ tí kì í tètè fún pọ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ sì gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí àyà wà lófìfo.

Ìsàlẹ̀ ọ̀nà èémí yìí náà, níbi tó ti pín sí méjì kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, ni ohùn ti ń wá. Ìyẹn ni pé ahọ́n kọ́ ló ni ohùn, ẹni tó ń fi ata ra ahọ́n ẹyẹ kó lè tètè sọ̀rọ̀ ń fi ata ṣòfò. Ata tiẹ̀ kì í ta ẹyẹ. Ohun tó ń mú ata ta wá lẹ́nu kò rí nǹkan mú lára wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lóko tí wọ́n sì ń gbin hóró rẹ̀ kiri. Kí wọ́n gé ata tútù sínú àwo rẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi rà á lẹ́nu, ìyẹn wúlò, nítorí fítámìn A wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ tó ń jẹ jéró àti bàbà nìkan lọ́dún dé ọdún á ṣaláìní fítámìn yìí, awọ tó tẹ́ inú ọ̀nà èémí rẹ̀ á sì nípọn, á gbẹ, àìsàn á ríbi wọlé. Ata, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò wọ́n lọ́jà Kábà. Píà nìkan ni kó má dé ibẹ̀, májèlé ni fún un.

Bí ohùn ẹyẹ tó ń kọrin bá ṣàdédé há, tàbí tó dákẹ́, ọ̀nà èémí ni kí á kọ́kọ́ fura sí. Ẹyẹ kì í fi àìsàn hàn, torí nínú igbó, èyí tó bá ṣe bí aláìlera ni àṣá máa kọ́kọ́ gbé. Ìrù ló máa ń tú àṣírí. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ dá, tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí igi, ìrù rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Èyí tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, tó la ẹnu, iṣẹ́ ẹwìrì ti ń wúwo jù ú lọ. Kí wọ́n gbé e kúrò nínú èéfín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Lálẹ́ ọyẹ́, ògiri inú yàrá tó jìnnà sí ilé ìdáná, tí kò dojú kọ jẹnẹrétọ̀, ni ibi tí kéèjì ń gbé. Kí aṣọ bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí iwájú ṣí sílẹ̀, kí fèrèsé sì ṣí díẹ̀.